Ta Ló Gba Owó Ojú Màmá?

Ọjọ́ tí láptọ́ọ̀pù tuntun wọ ilé Fẹ̀yìntọlá ní Fort Washington lókè òkun, inú gbogbo ilé ló dùn. Mobáyọ̀ ọkọ rẹ̀ ló rà á fún un. Nọ́ọ̀sì ni Fẹ̀yìntọlá ní ọsibítù kan, ó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ orí íńtánẹ́ẹ̀tì láti fi kún ìwé ẹ̀rí rẹ̀. Kọ̀ǹpútà àtijọ́ tó wà nílé ti darúgbó. Kí ó tó ṣí, ìrẹsì á ti jinná lórí iná.

"Mọ́mì Tolú, gbà, tìẹ ni," ni Mobáyọ̀ wí, ó gbé páálí lé orí tábìlì ìjẹun.

Kíkẹ́lọmọ, àbúrò Mobáyọ̀, ló fi ọ̀bẹ ya páálí náà. Ọmọ yunifásítì ni ní College Park, ọ̀dọ̀ wọn ló sì ń gbé. Bọ́ọ̀sì àti ọkọ̀ ojú irin ló ń wọ̀ lọ sílé ẹ̀kọ́. Fẹ̀yìntọlá kì í pè é lórúkọ, torí ìyàwó kì í ké orúkọ mọ́ àbúrò ọkọ lórí nílé tí wọ́n ti bí i. Ìbàdíàrán ló ń pè é. Kíkẹ́lọmọ náà ń pè é ní Àǹtí mi, ọ̀rọ̀ wọn sì wọ̀ bí iṣu àti epo.

Láptọ́ọ̀pù náà dára, àmọ́ kò sinmi ariwo. Bí Fẹ̀yìntọlá bá ti tan án, ìpolówó á bẹ́ jáde níhìn-ín, òmíràn á bẹ́ jáde lọ́hùn-ún. Èyí á ní kó ra òun, tọ̀hún á ní ọjọ́ tí wọ́n fi ń dán òun wò lọ́fẹ̀ẹ́ ti ń tán lọ. Ilé-iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ náà ló ti kó gbogbo wọn sínú rẹ̀ kó tó wọ páálí.

Nígbà tí wọ́n jáde ìsìn ní ọjọ́ Ìsinmi, Fẹ̀yìntọlá ráhùn fún Ọpẹ́ níbi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí. Ọpẹ́ ló ń tẹ dùùrù nínú ìjọ wọn. Ìsọ̀ tí wọ́n ti ń ta fóònù ló ti ń ṣiṣẹ́, òun sì ni gbogbo ìjọ ń gbé kọ̀ǹpútà fún.

"Sísítà, ẹ gbé e wá," ni Ọpẹ́ wí. "Ìdọ̀tí ilé-iṣẹ́ ni gbogbo ìyẹn. Màá nù ún kúrò pátápátá, màá wá fi Windows mìíràn tó mọ́ sí i, ètò tó ń gbé ẹ̀rọ ṣiṣẹ́. Ẹ ò ní san kọ́bọ̀."

"Ṣé kò ní bàjẹ́ ṣá? Tuntun ni o."

"Háà, Sísítà! Ti ta ni mo ṣe nínú ìjọ yìí tó bàjẹ́?"

Nígbà tó dá a padà, láptọ́ọ̀pù náà ń sáré bí ìgalà. Kò sí ìpolówó kankan mọ́. Ọpẹ́ tún ti fi àwọn ètò tí wọ́n ń tà lówó gọbọi sí i, lọ́fẹ̀ẹ́.

"Ẹyọ nǹkan kan ló kù," ó wí. "Bí ẹ̀rọ yìí bá ní kí ẹ jẹ́ kí òun ṣe àtúnṣe láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹ má gbà. Mo ti pa ìyẹn. Mo sì ti yọ ètò tó ń lé fáírọ́ọ̀sì, àìsàn kọ̀ǹpútà, ó ń bá ohun tí mo fi sí i jà."

Fẹ̀yìntọlá kò rí nǹkan kan tó burú nínú ìyẹn. Ó dúpẹ́, ó sì bu mọ́ínmọ́ín sínú abọ́ fún un.

Ní àkókò yẹn, ọ̀rọ̀ ojú Màmá ló ń jẹ Fẹ̀yìntọlá lọ́kàn. Ìbàdàn ni Màmá wà, lọ́dọ̀ Ṣadé, àbúrò Fẹ̀yìntọlá. Ojú ọ̀tún Màmá ti ń ṣú, tòsì náà sì ti ń tẹ̀ lé e. Dókítà ti dá ọjọ́ tí yóò ṣe iṣẹ́ abẹ náà. Fẹ̀yìntọlá lọ sí ìsọ̀ tí wọ́n ti ń fi owó ránṣẹ́ sílé, ó fi owó iṣẹ́ abẹ ránṣẹ́, wọ́n fún un ní nọ́ńbà, wọ́n sì ní kó yan ìbéèrè àṣírí kan àti ìdáhùn rẹ̀. Ẹni tó bá mọ méjèèjì ni yóò gba owó náà ní báńkì ní Ìbàdàn.

Ìlà fóònù Ṣadé ò mọ́ ní ọjọ́ náà. Nítorí náà, Fẹ̀yìntọlá jókòó sídìí láptọ́ọ̀pù, ó kọ gbogbo rẹ̀ sínú ímeèlì. Ìbéèrè rẹ̀ ni: ta ni onílé wa àkọ́kọ́? Ìdáhùn rẹ̀ ni: Bàbá Alágbọn.

Ibi tó ti ń tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ ni Kíkẹ́lọmọ gbé tíì wá fún un. Ojú rẹ̀ bọ́ sí ara ẹ̀rọ náà, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Àǹtí mi, ta ni wọ́n ń pè ní Bàbá Alágbọn?"

"Onílé wa ní Òkè-Àdó ni. Bí àgbọn bá já lára igi rẹ̀, ilé wa ló ti kọ́kọ́ máa ń wá a. Ó gbà pé olè ni gbogbo ọmọdé."

Àwọn méjèèjì jọ rẹ́rìn-ín. Fẹ̀yìntọlá fi ímeèlì náà ránṣẹ́, ó sì mu tíì rẹ̀.

Ibi iṣẹ́ ni Fẹ̀yìntọlá wà ní ọjọ́ kejì tí Ṣadé fi pè é.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ta lẹ ní kó bá mi gba owó?"

"Owó wo? Ìwọ ni mo fi ránṣẹ́ sí."

"Mo ti dé báńkì o. Wọ́n ní Ṣadé ti gbà á. Obìnrin kan ló wá láàárọ̀, ó ní òun ni Ṣadé, ó sọ nọ́ńbà, ó ní Bàbá Alágbọn. Wọ́n ka owó fún un, ó lọ."

Fẹ̀yìntọlá bọ́ sí ibi tí kò sẹ́ni tó ń gbọ́. Ohun tó kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn kì í ṣe ohun tó ṣeé sọ, àmọ́ ẹnu rẹ̀ ti sọ ọ́ kó tó mọ̀.

"Ṣadé, ṣé ó dá ọ lójú?"

Nígbà tí Ṣadé dáhùn, ohùn rẹ̀ ti yàtọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé èmi lẹ ń bi bẹ́ẹ̀?"

Ó pa fóònù. Ọjọ́ iṣẹ́ abẹ kọjá, wọ́n fún ẹlòmíràn ní bẹ́ẹ̀dì Màmá.

Láti ọjọ́ náà ni oorun ti dá lójú Fẹ̀yìntọlá. Ó ń rò ó ní ibi iṣẹ́, ó ń rò ó nínú mọ́tò. Ta ló mọ nọ́ńbà yẹn? Ta ló mọ Bàbá Alágbọn? Bàbá náà ti kú tipẹ́. Àwọn tó gbé ilé rẹ̀ nìkan ló ń pè é bẹ́ẹ̀, ní ìkọ̀kọ̀ sì ni. Bí ó ti yí i síwá tó yí i sẹ́yìn, ojú kan ṣoṣo ló ń rí: ọmọbìnrin tó gbé tíì lọ́wọ́, tó ń wo ara ẹ̀rọ, tó ń rẹ́rìn-ín.

Ó wá rántí pé àfẹ́sọ́nà Kíkẹ́lọmọ wà ní Ìbàdàn. Gbogbo Sátidé ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Nígbà míì, bí Fẹ̀yìntọlá bá wọlé, Kíkẹ́lọmọ á rẹ ohùn sílẹ̀. Tẹ́lẹ̀, ìtìjú ọmọge ni Fẹ̀yìntọlá ń pe ìyẹn. Ní báyìí, ó ti di nǹkan mìíràn.

"Bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani," ó ń sọ fún ara rẹ̀.

Ó dáwọ́ Ìbàdíàrán dúró. Ó di Kíkẹ́lọmọ báyìí, Kíkẹ́lọmọ lọ́hùn-ún. Ó ń gbé láptọ́ọ̀pù náà pamọ́ sí abẹ́ aṣọ nínú kọ́bọ́ọ̀dù bí ó bá ń lọ síbi iṣẹ́. Ọmọbìnrin náà rí i, kò sì sọ nǹkan kan. Àìsọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí gan-an tún fi kún ìfura Fẹ̀yìntọlá. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́, ṣé kì í bèèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ ni?

Ní àárọ̀ Sátidé kan, Kíkẹ́lọmọ wọ ilé ìwẹ̀. Báàgì rẹ̀ wà lórí àga. Fẹ̀yìntọlá wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó fa síìpù báàgì náà. Ìwé ló bá níbẹ̀, àti búrẹ́dì tí wọ́n fi bébà wé, àti káàdì tí wọ́n fi ń pe Nàìjíríà. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà nínú báàgì nígbà tó gbọ́ ohùn lẹ́yìn.

"Àǹtí mi, kí lẹ ń wá?"

"Kò sí nǹkan kan."

Kíkẹ́lọmọ wo báàgì, ó wo Fẹ̀yìntọlá. Omi ń kán lára rẹ̀ sílẹ̀. Kò sunkún, kò sì jà. Kí ọ̀sán tó pọ́n, ó ti kó ẹrù rẹ̀, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan sì fi mọ́tò gbé e lọ sí College Park, níbi tí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ti ń gba yàrá.

Mobáyọ̀ gbọ́ nígbà tó wọlé.

"Ta ló sọ fún ọ pé àbúrò mi jalè?"

"Dádì Tolú, ta ló tún mọ ìdáhùn yẹn? Ó kà á níṣojú mi!"

"Ṣé o bi í?"

"Ṣé olè máa ń jẹ́wọ́ ni?"

Mobáyọ̀ kò jẹ oúnjẹ tó wà lórí tábìlì.

Fẹ̀yìntọlá wọ yàrá, ó tilẹ̀kùn, ó pààrọ̀ páswọ́ọ̀dù, ọ̀rọ̀ àṣírí tó fi ń ṣí ímeèlì rẹ̀. Ó fa ọ̀rọ̀ náà yọ láti inú ohun tí ẹnikẹ́ni kò lè mọ̀. Kò sọ ọ́ fún Mobáyọ̀. Kò kọ ọ́ síbì kankan. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀ díẹ̀: Kíkẹ́lọmọ kò sí nílé mọ́, kò sẹ́ni tí yóò yọjú wo ẹ̀rọ.

Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn tí òṣìṣẹ́ báńkì fi pè é.

"Màdáámù, ṣé ẹ̀yin lẹ ń bèèrè káàdì ìyáwó tuntun?"

"Èmi kọ́."

Ẹni tó ń bèèrè káàdì náà ní gbogbo nǹkan nípa Fẹ̀yìntọlá lọ́wọ́: ọjọ́ ìbí rẹ̀, nọ́ńbà tí ìjọba fi mọ̀ ọ́n, orúkọ ìdílé ìyá rẹ̀. Fẹ̀yìntọlá sáré lọ ṣí ímeèlì rẹ̀. Kò ṣí. Ó tún tẹ páswọ́ọ̀dù náà, ó rọra ń tẹ̀ ẹ́ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Kò ṣí. Ẹnì kan ti wọ ibẹ̀, ó sì ti pààrọ̀ rẹ̀.

Kíkẹ́lọmọ kò sí nílé. Ta ló wá kù?

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Fẹ̀yìntọlá ń wo ọkọ rẹ̀ tó ń wo ìròyìn. Ọkùnrin tó ń wakọ̀ lọ sí Washington lójoojúmọ́, tó ń bọ̀ pẹ̀lú ẹ̀yìn dídùn, tó jẹ́ pé òun ló ra láptọ́ọ̀pù náà. Kí ló dé tó fi rà á gan-an? Òun kò bẹ̀ ẹ́. Bí èrò náà ti ń wọlé ni ìtìjú ń bá a wọlé, síbẹ̀ kò lé e jáde.

Fóònù Mobáyọ̀ dún. Ó dìde, ó lọ gbé e ní ibi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí, ó sì rọra pa ilẹ̀kùn dé. Fẹ̀yìntọlá bọ́ bàtà, ó lọ dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn náà.

"Má bínú sí i," ni ohùn Mobáyọ̀ ń sọ jẹ́jẹ́. "Mo mọ̀. Mo mọ̀ pé kò dáa. Àmọ́ kò sùn mọ́, Kíkẹ́. Ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ ló ń ṣe é. Bá mi mú sùúrù fún un."

Fẹ̀yìntọlá padà síbi tó ti dìde, ó jókòó. Ó ti fura sí àbúrò rẹ̀, ó ti fura sí àbúrò ọkọ rẹ̀, ó wá dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn láti mú ọkọ rẹ̀. Bí ó bá ń lọ báyìí, kò ní ku ẹnì kan tí yóò lè bá jẹun.

Ó gbé fóònù, ó pe Kúlísúmù.

Kúlísúmù àti Fẹ̀yìntọlá jọ kàwé ní Ìbàdàn. Ní Suitland ni Kúlísúmù ti ń ṣiṣẹ́, ní ọ́fíìsì ìjọba àpapọ̀ kan, nínú ẹ̀ka tó ń ṣọ́ kọ̀ǹpútà kí ẹni burúkú má bàa wọ inú rẹ̀. Fẹ̀yìntọlá ro gbogbo rẹ̀ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀.

"Fẹ̀yìn, dákẹ́ ná," ni Kúlísúmù wí. "Níbo lo ti tẹ páswọ́ọ̀dù tuntun yẹn?"

"Nínú yàrá mi. Mo tilẹ̀kùn."

"Mi ò bi ọ́ léèrè yàrá. Orí ẹ̀rọ wo?"

"Láptọ́ọ̀pù mi."

"Òun náà lo fi kọ̀wé sí Ṣadé?"

"Òun ni."

"Ta ló fọwọ́ kàn án ṣáájú rẹ?"

"Kò sí. Tuntun ni, inú páálí ló ti jáde."

"Lẹ́yìn tó jáde nínú páálí ńkọ́?"

Fẹ̀yìntọlá ṣẹ̀ṣẹ̀ wá rántí Ọpẹ́. Bí ó ti sọ ohun tí Ọpẹ́ ṣe fún un, àti ohun tí ó ní kó má gbà, Kúlísúmù mí kanlẹ̀.

"Yọ okùn íńtánẹ́ẹ̀tì lára ẹ̀rọ yẹn. Má tẹ ohunkóhun sí i mọ́. Pe báńkì padà báyìí, kí wọ́n ti gbogbo àkáǹtì rẹ. Pe àwọn tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ gbèsè, kí wọ́n fi ìkìlọ̀ sí orúkọ rẹ, kẹ́nikẹ́ni má bàa fi yá nǹkan. Mò ń bọ̀ ní Sátidé. Ní kí Ọpẹ́ wá, kó mú sídíì tó fi gbé Windows yẹn sí i dání. Má sọ ìdí."

Ní Sátidé, Ọpẹ́ dé pẹ̀lú ẹ̀rín. Lójú Fẹ̀yìntọlá, ẹ̀rín náà ti pọ̀ jù. Kúlísúmù gbé kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan kalẹ̀, èyí tó fi ń dán nǹkan wò, tí kò sí ohun gidi kan nínú rẹ̀.

"Arákùnrin Ọpẹ́, ẹ jẹ́ ká rí sídíì yẹn."

Ó yọ ọ́ nínú àpò. Sídíì funfun ni, kò ní àmì ilé-iṣẹ́ kankan, ó kàn fi bírò kọ Windows sí i lára. Kúlísúmù fi sínú ẹ̀rọ rẹ̀, ó ní kí èyí tó ń lé fáírọ́ọ̀sì yẹ̀ ẹ́ wò. Gbogbo wọn dúró. Àmì pupa bẹ́ jáde. Òmíràn tún tẹ̀ lé e.

"Ó máa ń pariwo bẹ́ẹ̀ sí gbogbo ohun tí kì í ṣe ojúlówó!" ni Ọpẹ́ sọ kíákíá. "Kò túmọ̀ sí nǹkan kan!"

"Òótọ́ ni, nígbà míì ó máa ń pariwo lásán," ni Kúlísúmù wí. "Ẹ jẹ́ ká wo ti Fẹ̀yìntọlá."

Ó yẹ inú láptọ́ọ̀pù náà wò. Orúkọ kan náà ló tún bẹ́ jáde níbẹ̀. Kúlísúmù ka ohun tí wọ́n kọ nípa rẹ̀, ó yíjú sí wọn.

"Kí ló ń ṣe?" ni Mobáyọ̀ bèèrè.

"Ìka ló ń wò. Gbogbo lẹ́tà tí Fẹ̀yìntọlá bá tẹ̀, ó ń kó o jọ, ó sì ń fi ránṣẹ́ sí ẹnì kan tí a ò mọ̀. Nọ́ńbà owó, Bàbá Alágbọn, páswọ́ọ̀dù, gbogbo rẹ̀. Irú wọn ní ẹlẹgbẹ́ káàkiri, kò ṣòro fún un láti rán obìnrin kan lọ sí báńkì ní Ìbàdàn. Ilẹ̀kùn tí o tì yẹn, Fẹ̀yìn, inú yàrá lo ti olè mọ́."

Mobáyọ̀ kò wo ojú ìyàwó rẹ̀. Ọpẹ́ ni gbogbo ojú wá yí sí.

"Mi ò mọ̀," ni Ọpẹ́ wí. "Ọlọ́run gbọ́, mi ò mọ̀. Orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni mo ti gbà á wálẹ̀, ibi tí wọ́n ti ń fún èèyàn lọ́fẹ̀ẹ́. Òun lèmi náà ń lò."

"Tìẹ dà?" ni Mobáyọ̀ bi í.

Ó lọ gbé láptọ́ọ̀pù tirẹ̀ wá láti inú mọ́tò. Kúlísúmù yẹ̀ ẹ́ wò. Orúkọ kan náà. Ọpẹ́ fi ìdí lélẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì.

"Èèyàn mélòó lẹ ti fi ṣe fún nínú ìjọ?" ni Kúlísúmù bèèrè.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìka rẹ̀. Nígbà tó kan ọwọ́ kejì, ó dẹ́kun, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú.

Fẹ̀yìntọlá wò ó títí. Kò mọ̀ bóyá kí òun gbà á gbọ́. Ó fa Kúlísúmù sí ẹ̀gbẹ́ kan nínú ilé ìdáná.

"Ṣé òótọ́ ló ń sọ?"

"Ohun tó wà nínú ẹ̀rọ ni mo lè rí, ọ̀rẹ́ mi. Mi ò lè rí inú èèyàn. Àmọ́ kó o rántí pé ọwọ́ rẹ wà nínú báàgì ọmọ ọlọ́mọ lọ́jọ́sí. Rọra ṣe."

Wọ́n padà sídìí tábìlì. Kúlísúmù bèèrè páálí láptọ́ọ̀pù náà. Fẹ̀yìntọlá kò tíì sọ ọ́ nù. Sídíì ilé-iṣẹ́ tó ṣe é wà nínú rẹ̀, nínú ọ̀rá, tí ẹnikẹ́ni kò já.

"Kí ló dé tí ẹ ò lo èyí?" ó bi Ọpẹ́.

"Yóò kó gbogbo ìpolówó yẹn padà ni."

"Ẹ ò parọ́, yóò kó wọn padà. A óò yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìpolówó ń dani láàmú, àmọ́ kì í gba owó ojú ìyá ẹni." Ó yíjú sí Fẹ̀yìntọlá. "Kí lo fẹ́ kó jáde?"

"Àwòrán Tolú, àti iṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́ mi."

"Ìyẹn nìkan la máa kó. Kò sí ètò kankan tó máa bá wa jáde, ìbáà dùn ún lò bí oyin."

Wọ́n kó àwòrán àti iṣẹ́ náà sórí nǹkan mìíràn, Kúlísúmù sì yẹ̀ ẹ́ wò pé kò sí ohun tó fara pamọ́ sí i. Lẹ́yìn náà ó fi sídíì ilé-iṣẹ́ sínú láptọ́ọ̀pù, ó pa ẹ̀rọ náà, ó tún un tàn. Ẹ̀rọ bèèrè bóyá kí òun pa gbogbo ohun tó wà nínú òun rẹ́. Kúlísúmù ní kí Fẹ̀yìntọlá fúnra rẹ̀ tẹ̀ ẹ́.

"Gbogbo rẹ̀?"

"Gbogbo rẹ̀. Bí o bá fi díẹ̀ sílẹ̀, ó lè jẹ́ inú díẹ̀ yẹn ló sá sí."

Fẹ̀yìntọlá tẹ̀ ẹ́.

Ó gbà wọ́n ní àkókò. Mobáyọ̀ se ẹ̀wà, ohun tí kì í sábà ṣe. Nígbà tí Windows ojúlówó wọlé tán, Kúlísúmù kò jẹ́ kí wọ́n ṣí ojú ìwé kankan. Ó kọ́kọ́ rí i pé ètò inú ẹ̀rọ tó dà bí odi, tó ń dá àjèjì dúró, wà ní títàn. Lẹ́yìn ìyẹn ló tó fi okùn íńtánẹ́ẹ̀tì sí i, ó sì ní kó gba gbogbo àtúnṣe tí ilé-iṣẹ́ ti ṣe.

"Àtúnṣe tí wọ́n ní kó o má gbà yìí," ó wí, "òun ló ń dí ihò tí olè ń gbà wọlé. Ẹni tó bá lo ayédèrú kì í fẹ́ gbà á, torí yóò tú àṣírí pé ayédèrú ni. Olè mọ̀ bẹ́ẹ̀."

Ó fi ohun tó ń lé fáírọ́ọ̀sì sí i, ó yọ ìpolówó lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìgbà tí gbogbo rẹ̀ mọ́ tán ni wọ́n tó wá pààrọ̀ páswọ́ọ̀dù: ti báńkì, ti ilé ẹ̀kọ́, ti ibi iṣẹ́. Ti ímeèlì pẹ́ díẹ̀ kó tó padà sí ọwọ́ rẹ̀.

Ọpẹ́ kò sá. Ní ọjọ́ Ìsinmi, ó dìde nínú ìjọ, ó sọ ohun tó ṣe. Àwọn kan bínú sí i, wọn ò sì tíì dẹ́kun. Òun àti Kúlísúmù jókòó sí gbọ̀ngàn ìjọ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n ń tún kọ̀ǹpútà àwọn èèyàn ṣe, pẹ̀lú sídíì tí olúkúlùkù mú wá nínú páálí tirẹ̀.

Fẹ̀yìntọlá wakọ̀ lọ sí College Park. Kíkẹ́lọmọ jáde wá bá a níwájú ilé, ó káwọ́ gbera.

"Ìbàdíàrán, mo ṣẹ̀ ọ́," ni Fẹ̀yìntọlá wí, ó fẹ́ kúnlẹ̀ níbẹ̀. Kíkẹ́lọmọ tètè dì í mú.

"Ẹ má kúnlẹ̀, Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́. Àwọn èèyàn ń wò wá." Ó fà á lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Pé ẹ fura sí mi kọ́ ló dùn mí. Ọ̀rọ̀ ìyá yín ni, ó yé mi. Pé ẹ ò bi mí ló dùn mí. Ká ní ẹ bi mí, ǹ bá dá yín lóhùn."

"Mo mọ̀."

"Ẹ jẹ́ kí n parí sáà yìí níbí ná. Mo máa wá jẹun ní ọjọ́ Ìsinmi."

Ó sì wá. Kò tíì kó ẹrù rẹ̀ padà, àmọ́ ó ń wá.

Ó pẹ́ kí Ṣadé tó gba ẹ̀bẹ̀. Wọ́n fi owó mìíràn ránṣẹ́. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹnu ni Fẹ̀yìntọlá fi sọ ìdáhùn àṣírí fún un. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà. Màmá ń ríran báyìí, àmọ́ dókítà ní ìdádúró náà ti ṣe ojú ọ̀tún níjàǹbá, kò sì ní ríran tó bó ṣe yẹ. Wọ́n fi ọ̀rọ̀ náà tó ọlọ́pàá létí níhìn-ín àti ní Ìbàdàn. Títí di òní, kò sẹ́ni tó mọ obìnrin tó lọ gba owó náà.

Ẹ̀yin ará wa tẹ́ ẹ wà lókè òkun, ìtàn yìí kàn yín, torí kò sí ilé tí kọ̀ǹpútà kò sí mọ́. Bí ẹ bá ra èyí tuntun, tó sì ń dà yín láàmú, ó dára kí ẹ nu inú rẹ̀ kí ẹ sì tún fi Windows sí i. Àmọ́ sídíì ilé-iṣẹ́ tó ṣe é gan-an ni kí ẹ lò, kì í ṣe èyí tí ẹnì kan dà kọ nílé. Bí ẹ kò bá rí sídíì nínú páálí, ẹ pe ilé-iṣẹ́ náà, wọn yóò sọ ibi tí ẹ ó ti rí i. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni, ìbáà jẹ́ ọmọ ìjọ yín, fi ayédèrú sí i nítorí pé ọ̀fẹ́ ni. Bí ẹnì kan bá ní kí ẹ má gba àtúnṣe, tàbí tó yọ ohun tó ń lé fáírọ́ọ̀sì, ẹ bi í léèrè ìdí rẹ̀, kí ẹ má sì gba ẹ̀rín ní ìdáhùn.

Bí ẹ bá sì ti fura pé nǹkan kan wà nínú ẹ̀rọ yín, ẹ má pààrọ̀ páswọ́ọ̀dù lórí ẹ̀rọ náà. Ibẹ̀ náà ni olè ti ń wò yín. Ẹ lo ẹ̀rọ mìíràn tó dá yín lójú, tàbí kí ẹ tún ti yín ṣe láti ìpìlẹ̀ ná. Ẹ pe báńkì lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má kọ nọ́ńbà owó àti ìdáhùn rẹ̀ pọ̀ sínú ímeèlì kan.

Àwọn àgbà ní ìfura ni oògùn àgbà. Òótọ́ ni wọ́n sọ, àmọ́ oògùn tí a bá fún ẹni tí kò ṣàìsàn, májèlé ni. Kí ẹ tó fura sí ẹni tí ẹ jọ ń jẹun, ẹ kọ́kọ́ fura sí ohun tí ẹ gbé wọlé.